Owó Òkú, Owó Ọmọ

"Wọlé síbẹ̀. Ká ẹsẹ̀ kò. O ò gbọdọ̀ sín, o ò gbọdọ̀ húkọ́. Bí eèrà bá bù ọ́ jẹ, ìwọ náà bù ú jẹ padà."

Àpèkẹ́ ti ọmọ náà sẹ́yìn àwọn abọ́ tánganran tó tò lé ara wọn dé àjà, ó fa aṣọ ìbora bò ó, ó wá fi ìdí ńlá rẹ̀ jókòó sórí àpótí tó wà níwájú ibẹ̀. Ìdí yẹn tó láti fi sé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀: pé nígbà tí Ọlọ́run ń pín ẹwà, òun wà lẹ́yìn, ìdí ló kù, Ọlọ́run sì kó gbogbo rẹ̀ fún òun, ó ní kí òun máa gbé e lọ sí ọjà.

"Àgòó!" Ẹnìkan tún ké lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa wọlé, ilé kì í jẹ ènìyàn."

Obìnrin tó wọlé kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Colette ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Mina ni, ìjọba ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Bàtà funfun ló wọ̀, iyanrìn Ànàgókómé, àdúgbò àwọn Yorùbá ní Lọmé, ti sọ bàtà náà di aláwọ̀ ẹ̀kọ yangan. Èdè Mina ló fi kí Àpèkẹ́. Ó bi í nípa ara, ó bi í nípa ọjà, ó bá a kẹ́dùn ọkọ rẹ̀ tó kú. Ìkíni náà dùn, ó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ara fi fu Àpèkẹ́. Ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́ tó wá ń kí ènìyàn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ó ní ohun tó fẹ́ gbà.

"Ìyá, mo wá wo Odile, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Fágbèmí tó ń ṣiṣẹ́ ní réluwé. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín ló ń gbé."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá rẹ̀ ni."

Hàn-án! Àpèkẹ́ mọ̀ ọ́n. Fágbèmí àna òun náà ló rán wọn wá.

"Kò sí ọmọ kankan nílé yìí," ó wí. "Èmi àti abọ́ mi la wà."

Colette wo bàtà kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Àpèkẹ́ náà wò ó.

"Tèmi ni," Àpèkẹ́ wí.

Colette wo ẹsẹ̀ Àpèkẹ́, ẹsẹ̀ tó fẹ̀ bí ewé kókò, tó ti rin Lọmé já láti ìgbà tí ilé ò tíì pọ̀ níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ohun tí onílé bá sọ ni wọ́n ní kí n kọ. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹ ní kò sí ọmọ níbí?"

"Kọ ọ́. Kọ ọ́ kó hàn dáadáa."

Obìnrin náà kọ ọ́, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Odile yọ orí jáde láti ẹ̀yìn abọ́, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé mo ṣe dáadáa?"

"O ṣe é, Ìyá mi. Wá jẹ àkàsà."

Ìyá mi ló máa ń pe ọmọ náà, torí pé oṣù tí ìyá Àpèkẹ́ kú gan-an ni wọ́n bí i. Bàbá ọmọ, tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Kristi, lọ sọ ọ́ ní Odile ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àpèkẹ́ ò jà. Ó ní orúkọ tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n máa pe ìyá òun, bí wọ́n bá ṣáà ti gbé e fún òun tọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e fún un nígbà tó já lẹ́nu ọmú.

Kí ẹnikẹ́ni tó pe Àpèkẹ́ ní òpùrọ́, kó rántí irú ìlú tó dàgbà sí. Nígbà tó ṣì wà ní ọmọge, bí àwọn tó ń ka ènìyàn fún owó orí bá ti wọ àdúgbò, àwọn ọkùnrin á gba ẹ̀yìnkùlé sá wọ inú oko àgbọn, àwọn obìnrin á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, wọn ò ní mọ ọkọ, wọn ò ní mọ ọmọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó bá dúró lójúde rẹ tó ń ka ọmọ rẹ, bí kì í bá ṣe àjẹ́, agbowó-orí ni. Àpèkẹ́ bí àwọn ọmọ, ó rí àwọn ọmọ-ọmọ, kò sì sí ọjọ́ kan tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye wọn. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà ò ní sọ ọ́.

Ó sì ní ìdí mìíràn tí ara fi ń fu ú.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Àmúsà ọkọ rẹ̀ kú. Wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́, àlùfáà pín ohun tó fi sílẹ̀, kò sí ẹni tó jà. Àwọn ọmọkùnrin tó wà ní Kùmásì fi ìkíni ránṣẹ́; ìkíni wọn pọ̀, owó wọn ni kò rọ́nà wá. Ilé nìkan ló kù, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tó ní ìwé, tí orúkọ Àmúsà wà lórí ìwé náà. Àfi bí Fágbèmí, ọkọ Àṣàkẹ́ ọmọ rẹ̀, ṣe dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n tó lè kọ orúkọ àwọn ọmọ sí ìwé ilé, ìjọba gbọ́dọ̀ gba ìpín tirẹ̀ nínú ogún. Ó ní bí wọn ò bá san án, ìjọba lè ta ilé náà ní gbàǹjo.

Kò pẹ́ sí i, Fágbèmí kan náà tún dé, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún òṣìṣẹ́ ní owó nítorí ọmọ, alokasíọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kàn fẹ́ rí àwọn ọmọ náà pẹ̀lú ojú ni.

Àpèkẹ́ so ìròyìn kìíní mọ́ ìkejì bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ igi. Ta ló ń gbà lọ́wọ́ òkú? Ìjọba. Ta ni ìjọba ń fún? Fágbèmí. A jẹ́ pé ilé Àmúsà ló ń gba ọ̀dọ̀ òyìnbó yí wọ àpò Fágbèmí.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú Òkè lọ́sàn-án ọjọ́ tí Colette wá. Ará Kétu ni Òkè, aláàárù ní wọ́ọ̀fù níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òkun. Yàrá ẹ̀yìn ilé Àmúsà ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ó ń fi omi ṣan iyọ̀ òkun kúrò lára nígbà tí Àpèkẹ́ gbé àpótí rẹ̀ jáde.

"Òkè, wá bá mi ro ọ̀rọ̀ yìí. Bí bàbá bá kú, tó fi ilé sílẹ̀, ta ló ni ín?"

"Àwọn ọmọ rẹ̀."

"Ìjọba ńkọ́?"

"Bí òun náà bá jẹ́ ọmọ bàbá, ẹ pè é kó wá gba tirẹ̀."

"Ìwọ náà ti sọ ọ́! Ìdí igi wo ni ìjọba ti wá? Mo mọ gbogbo obìnrin tí Àmúsà fẹ́. Mo mọ àwọn tí kò fẹ́ tó ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Kò sí ìyá ìjọba níbẹ̀!"

Òkè rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ̀ ọ́ nímú. Nígbà tó sín tán, ó nu ojú, ó ní, "Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ má bínú o. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Bàbá tèmi fi ọkọ́ tó ti ya sílẹ̀ fún mi, ó sì fi gbèsè tì í. Ìjọba ò wá bá mi pín ìkankan níbẹ̀. Ẹni tó sùn, tó jí, tó rí i pé òun ti di onílé, tí kò la òógùn kó tó rí i, bó bá yọ díẹ̀ fún ẹni tí kò jogún nǹkan kan, ṣé kò jọ sàárà ni?"

"Sàárà? Ọwọ́ ara ẹni la fi ń yọ sàárà, Òkè! Èyí tí wọ́n bá fi ọlọ́pàá yọ lọ́wọ́ ẹni, kí làá ń pè é? Àti pé ta ni kò la òógùn? Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé yìí, oyún Àṣàkẹ́ wà nínú mi, èmi ni mò ń ru omi fún àwọn bíríkìlà. Wọ́n á ní kí n rọra, mo á ní kí wọ́n rọra mọ ògiri. Orúkọ Àmúsà ló wà lórí ìwé, àmọ́ ọrùn mi ló wà lábẹ́ ilé. Ṣé wọ́n á gba ti ọrùn mi náà ni?"

Òkè fún aṣọ tó fi nura. "Ibẹ̀ yẹn, ẹ jàre. Ibi tí ó ti dùn mí ni ibi tí owó náà ń lọ. Mo bèèrè owó ọmọ yìí ní wọ́ọ̀fù. Wọ́n ní ẹni tó ní ìwé owó oṣù nìkan ló wà fún. Aláàárù tó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ ò sí níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ọmọ aláàárù kì í jẹun. Tèmi ń jẹun ju ọmọ akọ̀wé lọ! Ọmọ akọ̀wé á fi ṣíbí bu ú díẹ̀díẹ̀. Tèmi, bí ẹ ò bá ṣọ́ra, wọ́n á jẹ igbá mọ́ ọn."

Àpèkẹ́ pàtẹ́wọ́. "O rí i! Wọ́n gba lọ́wọ́ opó, wọ́n yọ aláàárù sílẹ̀, wọ́n gbé e fún akọ̀wé. Ta ni akọ̀wé? Fágbèmí!"

"Ṣé ẹ rò pé àna yín ló ń fi ọwọ́ òyìnbó gba ilé yín ni?"

"N ò rò ó. Mo mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ mélòó kan kọjá. Àpèkẹ́ ń lọ sí ọjà, ó ń ta abọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ara rẹ̀, ó ṣáà ti dí ihò kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, Fágbèmí àti Àṣàkẹ́ wọlé dé. Fágbèmí dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn, pẹ̀lú táì, pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ bí abẹ.

"Dìde," Àpèkẹ́ wí. "O ò ní fi iyanrìn mi ba ṣòkòtò òyìnbó jẹ́."

Fágbèmí dìde, àmọ́ kò jókòó. Ọmọ Ifẹ̀ ti ìhà Atakpamé ni, ohùn rẹ̀ máa ń fà bí ẹni tó ń gun òkè. Àpèkẹ́ máa ń sín in jẹ tí àwọn ọmọ á fi rẹ́rìn-ín. Lónìí, ohùn náà kò fà rárá.

"Màmá, ọ̀gá mi pè mí lánàá, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní mo purọ́ láti gba owó. Àwọn kan ti yá ọmọ aládùúgbò, wọ́n kọ ọ́ mọ́ tiwọn. Ó ní èmi náà wà lára wọn. Wọ́n ti dá gbogbo owó náà dúró. Bí n ò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, iṣẹ́ náà ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní ọmọ tí mo pè ní Odile ò sí láyé."

Àpèkẹ́ fò dìde. "Ta ni?! Ta ló ní Ìyá mi ò sí láyé? Ẹnu rẹ̀ á gbẹ! Ta ló sọ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Odile tó ń fi igi fa ilà nínú iyanrìn gbé orí sókè. Òkè, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ní ẹ̀yìn ilé, dá iṣẹ́ dúró láti lè gbọ́ dáadáa.

"Mo ní kò sí nílé ni," Àpèkẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ti dín kù. "N ò ní kò sí láyé. Òyìnbó ló yí i."

"Màmá," Àṣàkẹ́ wí, "ẹ fi ọmọ pamọ́ sẹ́yìn abọ́. Odile ti sọ fún mi. Ó ní ẹ ní kí òun bu eèrà jẹ."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, Àpèkẹ́ ìbá ti rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Fágbèmí. "Ó dáa, mo fi í pamọ́. Ṣé ìwọ náà ò mọ ìdí rẹ̀? Ìwọ lo ní kí wọ́n wá gbà nínú ilé Àmúsà. Ìwọ náà ni wọ́n ń gbé owó fún. Ṣé n ò lójú ni?"

Àṣàkẹ́ ló dáhùn.

"Owó àwọn ọmọ yẹn ni a fẹ́ fi san ìpín ìjọba lórí ilé yìí. Gbogbo rẹ̀. A ò tíì ra ẹja kan nínú rẹ̀. Bàbá Odile ti bẹ ọ́fíìsì pé kí wọ́n jẹ́ ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí tí wọ́n ti dá owó dúró, ilé ló kù tí wọ́n á wá tà."

Àpèkẹ́ jókòó padà. Àpótí náà kígbe. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ létí, àmọ́ kò gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó bá dùn jù, inú rẹ̀ kì í gbà á. Ó fi ojú wo àna rẹ̀ láti orí dé bàtà.

"Orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sí ìwé ilé?"

"Ti àwọn ọmọ Bàbá," Fágbèmí wí. "Ti àwọn ará Kùmásì náà."

"Àwọn tí kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́?"

"Àwọn náà."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi kò sí níbẹ̀."

"Ìwọ á fi owó ọmọ rẹ san owó ilé tí orúkọ rẹ ò sí lórí ìwé rẹ̀. Nítorí kí ni? Ilé bàbá rẹ ni? Wo ojú mi. Kí lo fẹ́?"

Fágbèmí wo ìyàwó rẹ̀. Àṣàkẹ́ yí ojú sí òmíràn. Ọkùnrin náà tú táì ọrùn rẹ̀ díẹ̀.

"Màmá, kí n sọ òótọ́?"

"Òótọ́ ni mò ń bèèrè."

"Bí wọ́n bá ta ilé yìí, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó wá máa gbé."

Òkè ti yọ orí jáde pátápátá.

"Yàrá méjì ni réluwé fún mi," Fágbèmí ń bá a lọ, bí ẹni tó ti ki ẹsẹ̀ bọ odò tó wá rí i pé kò sí bí òun ṣe lè padà. "Màmá, mo fẹ́ràn yín. Àmọ́ bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ níbí, ní àdúgbò Bè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń dá yín lóhùn. Àti abọ́ yìí. Ibo la máa kó abọ́ yìí sí? N ò ní lè sùn mọ́ láyé mi. Gbogbo ohun tí mo bá ní ni mo lè san kí ẹ lè máa gbé ilé yín."

Àpèkẹ́ wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó mi ọmú, ó mi èjìká, ó dé ọ̀fun, ó bú jáde. Abọ́ tánganran inú ilé ń dún pẹ̀lú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí Odile wá di òun mú.

"Ìyẹn mo gbọ́!" ó wí, ó ń fi ìborùn nu omijé. "Ìyẹn ni mo gbọ́! Ẹ gbọ́ ọ, ọkùnrin yìí ń san owó torí pé ó ń bẹ̀rù mi! Kí ló dé tí o ò ti sọ ọ́ láti ìgbà yìí wá? O wá ń sọ òfin fún mi, o ń sọ ìwé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe mí lóore lásán, n ò gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹni tó ń sá fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin gidi nìyẹn, ó mọ ohun tó ń ṣe."

Ó fa Odile mọ́ra, ó fi ìka yọ iyanrìn kúrò nínú irun rẹ̀. "Mo sọ pé o ò sí, Ìyá mi. Ẹnu mi gbẹ."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ tó dára jù, ó fa Odile lọ́wọ́, ó ní kí Àṣàkẹ́ kó àwọn yòókù wá. Kò jẹ́ kí Fágbèmí tẹ̀ lé wọn. Ó ní ẹni tó gbé irọ́ dálẹ̀ ni kó lọ gbé e kúrò.

Colette wà nídìí tábìlì nínú yàrá kékeré kan tó gbóná bí ààrò. Ó dìde nígbà tó rí i, ó fún un ní àga. Àpèkẹ́ ò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Màdáàmù, mo purọ́ fún yín. Ọmọ náà nìyí. Ẹ̀yìn abọ́ ló wà lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀, Ìyá," Colette wí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ síta. Mo ṣáà ń retí pé kí ẹ yí ọ̀rọ̀ yín padà kí n tó jáde."

"Ẹ rí i, ẹ ò sì wí?"

"Ẹ jókòó lé ẹ̀rí náà, Ìyá. Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa ní kí ẹ dìde?"

Àpèkẹ́ wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin yìí lẹ́nu. Ẹni tó bá lẹ́nu, èèyàn lè bá a sọ̀rọ̀.

Colette mú kálàmù. "Ó dáa. Mo máa kọ ọ́ pé mo ti rí wọn. Ọmọ mélòó ni Ọ̀gbẹ́ni Fágbèmí ní?"

Àpèkẹ́ wo Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ wo ilẹ̀. Àpèkẹ́ kò ka ọmọ rí láyé rẹ̀, òun kọ́ ló sì máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá ìjọba.

"A kì í kà wọ́n," ó wí. "Mo lè pè wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ní kálàmù, ẹ fúnra yín kà."

"Ẹ pè wọ́n, Ìyá."

"Bernadette, dìde kí wọ́n rí ẹ. Akínyẹlé. Odile, Ìyá mi nìyí, ó wà láyé, ẹ kọ ìyẹn náà. Òjé, èyí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀."

Colette kọ wọ́n. Ó fẹ́ pa ìwé dé.

"Àìná," Àpèkẹ́ wí.

Colette gbé orí sókè.

"Ìgè. Julienne. Táyé àti Kẹ́hìndé. Ìdòwú."

"Ìyá, ta ni àwọn yìí? Wọn ò sí níbí."

"Ọmọ Òkè ni wọ́n, aláàárù wọ́ọ̀fù. Yàrá ẹ̀yìn ilé mi ni wọ́n ń sùn."

"Bàbá wọn ò ní ìwé owó oṣù." Ohùn Colette rọ̀. "Òfin náà ò dé ọ̀dọ̀ wọn. N ò lè kọ wọ́n sí ibì kankan."

"Mo mọ̀. Àna mi á san ìpín tí ẹ ní kí a san nínú ilé yẹn, n ò ní jà mọ́. Àmọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ náà lẹ fi ń tọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí etí yín gbọ́ àwọn ọmọ tó wà nínú ilé náà."

Ó wá fi ìdí rẹ̀ jókòó, ìdí tí Ọlọ́run fún un fún irú ọjọ́ báyìí. Àga ìjọba kígbe, ó sì gbà á. Kálàmù Colette dúró lórí ìwé, kò kọ, kò sì kúrò níbẹ̀. Àpèkẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Àìná, díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe máa ń kó abọ́ lé ara wọn lálẹ́ kí ọ̀dà wọn má baà bó.